Orógbó àti Ìtànṣán: Lámèyítọ́ Ìwádìí Tí A Ń Pè Ní "Ìbílẹ̀", láti Ojú Ìwòye Ará Kétu

1.0 Ìfáárà

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ewé àti egbò ní agbègbè Kétu mọ ìbéèrè kan dáadáa. Ẹni tó ń béèrè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ará ilé rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ, tí dókítà sì ti sọ pé kí ó lọ gba ìtọ́jú onítànṣán. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni orógbó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìtànṣán. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti pé ìwé àwọn ará Japan ló gbé e jáde. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí náà fi hàn kéré sí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó fi hàn.

Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwádìí náà dára gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ nípa eku àti nípa èròjà kan tí a yọ láti inú orógbó. Kì í ṣe ẹ̀rí nípa ìṣègùn Kétu, kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìbílẹ̀", ló ń mú kí a gbàgbé ìyàtọ̀ yìí. Mo máa kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe, lẹ́yìn náà ni mo máa yẹ àkókò, ọ̀rọ̀ "ìbílẹ̀" àti ewu tó wà níbẹ̀ wò. Mo máa fi ìrírí Japan wé tiwa, nítorí pé àwọn náà ní egbòogi àtọwọ́dọ́wọ́, wọ́n sì ti jẹ nínú ìyà ìtànṣán ju ẹnikẹ́ni lọ.

2.0 Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn

Iṣẹ́ méjì ni mo gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni èyí tí Adaramoye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 nínú Journal of Radiation Research. Ewúro, iṣápá àti fítámì C ni wọ́n fún àwọn eku, wọ́n sì wo ẹ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn ìtànṣán. Èkejì ni èyí tí Adaramoye tẹ̀ jáde ní 2010 nínú Biological and Pharmaceutical Bulletin, lórí orógbó àti ọpọlọ eku. Jọ́nà ilẹ̀ Japan ni méjèèjì.

Nínú iṣẹ́ ti 2010, orógbó fúnra rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fún eku. Kolaviron ni wọ́n fún wọn, èròjà tí Maurice Iwu ṣàlàyé ní 1985, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa wá mọ̀ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí alága àjọ elétò ìdìbò ní Nàìjíríà. Láti rí kolaviron, wọ́n máa ń lọ orógbó gbígbẹ, wọ́n á fi oògùn olómi bí epo bẹntiróòlù fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi acetone yọ ohun tó kù, wọ́n á sì tún fi oògùn olómi mìíràn yà á sọ́tọ̀. Ohun tó máa kù sílẹ̀ ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ wúrà. Ó kéré tán, èròjà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni wọ́n pín eku sí, 11 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ kan gba òróró àgbàdo lásán. Ọ̀wọ́ kan gba kolaviron láìsí ìtànṣán. Ọ̀wọ́ kan gba ìtànṣán gámà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ Gy 5. Ọ̀wọ́ tó kù gba ìtànṣán náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fún wọn ní kolaviron, mílígíráàmù 250 fún kílò kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán ṣáájú ìtànṣán, wọ́n sì tún fún wọn fún ọ̀sẹ̀ 5 lẹ́yìn rẹ̀. Ìbàjẹ́ tí ìtànṣán ń ṣe sí ọ̀rá inú ọpọlọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀wọ́ ìkẹyìn yìí, àwọn èròjà tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ sì wà ní ipò tó sàn.

Iṣẹ́ náà ní ohun tó yẹ kí a gbóríyìn fún. Wọ́n fi ọ̀wọ́ kan sílẹ̀ tí kò gba ìtànṣán ṣùgbọ́n tó gba kolaviron, kí a lè mọ ohun tí kolaviron ń ṣe nìkan. Nínú iṣẹ́ ti 2008, wọ́n fi fítámì C sí ẹ̀gbẹ́ ewúro àti iṣápá. Ìfiwéra yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ṣe kà á lọ, nítorí pé fítámì C náà dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Bí fítámì tó wà nínú ọsàn bá lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n rí lè jẹ́ ìwà àwọn antioxidant lápapọ̀, kò dandan kí ó jẹ́ agbára ewúro ní pàtó.

3.0 Àkókò ni gbogbo rẹ̀

Láti lóye ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, ó yẹ kí a mọ bí ìtànṣán gámà ṣe ń ba ara jẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Nígbà tí ìtànṣán bá kọlu omi inú sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọn ègé kan lára rẹ̀ sì máa ń ya wèrè: wọ́n á kọlu ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn, títí kan DNA àti ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbàjẹ́ tí ìtànṣán gámà ń ṣe, ọ̀nà yìí ló ń gbà. Iṣẹ́ antioxidant ni láti gba àwọn ègé náà mú kí wọ́n tó kọlu nǹkan pàtàkì.

Ṣùgbọ́n àwọn ègé wọ̀nyí kì í pẹ́ láyé rárá. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, wọ́n ti jẹ́ iṣẹ́ wọn tán. Nítorí náà, antioxidant gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara kí ìtànṣán tó dé. Èyí tí a bá mu lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣèrànwọ́ fún àtúnṣe ara, ṣùgbọ́n kò lè dá ìkọlù àkọ́kọ́ padà. Ìdí nìyí tí àwọn eku Ìbàdàn fi jẹ kolaviron fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Ètò náà bá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mu. Kò bá ìgbésí ayé ènìyàn mu bákan náà.

Mélòó nínú wa ló máa mọ̀, ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú, pé ìjàǹbá ìtànṣán ń bọ̀? Àwọn ará Hiroshima kò mọ̀ ní oṣù kẹjọ 1945. Àwọn tó ń gbé nítòsí Chernobyl kò mọ̀ ní 1986. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń mọ ọjọ́ tí ìtànṣán máa dé ni ẹni tí dókítà ti fún ní ọjọ́ ìtọ́jú. Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì jọ ti àwọn eku wọ̀nyí. Wọ́n tan Gy 5 sí eku lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ orí tàbí ọrùn sábà máa ń gba nǹkan bíi Gy 2 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, títí yóò fi pé Gy 60 sí 70, wọ́n á sì dojú rẹ̀ kọ ibi kékeré kan lára rẹ̀ nìkan. Àwọn eku náà kò sì ní jẹjẹrẹ.

Ìwọ̀n oògùn náà tún yẹ ní yíyẹ̀ wò. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oògùn máa ń lò láti yí ìwọ̀n eku padà sí ti ènìyàn ni pé kí a fi nǹkan bíi 6.2 pín in. Mílígíráàmù 250 fún kílò á wá di nǹkan bíi 40. Ẹni tó wúwo tó kílò 60 á nílò gíráàmù 2.4 kolaviron tí a ti fọ̀ mọ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kolaviron kì í ṣe odidi orógbó, apá kan lára rẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ orógbó kan tàbí méjì lójúmọ́ kò tíì sún mọ́ ohun tí eku gbà.

4.0 "Ìbílẹ̀" ta ni?

Nínú irú àwọn iṣẹ́ báyìí, gbólóhùn kan kì í sábà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀: pé àwọn ará Áfíríkà ti ń lo ohun ọ̀gbìn yìí láti ayébáyé fún ìtọ́jú àìsàn. Lẹ́yìn gbólóhùn yìí, òǹkàwé á gbà pé ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìdánwò ìmọ̀ àwọn àgbà. Àmọ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1895 ni Röntgen rí X-ray, ní 1900 ni Villard sì rí ìtànṣán gámà. Àwọn àgbà tó kó ìmọ̀ ewé jọ ní Kétu kò ní àìsàn ìtànṣán tí wọ́n fi máa wá oògùn rẹ̀. Bí a bá ní ìmọ̀ wọn ni a ń dán wò, orúkọ wọn la fi ń tà á, ohun tí wọ́n mọ̀ kọ́.

Kí ni wọ́n wá mọ̀ nípa orógbó? Ní ilẹ̀ Kétu bí i ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, orógbó jẹ́ ohun ìsọmọlórúkọ, ó jẹ́ ohun ìbọ Ṣàngó, a sì ń jẹ ẹ́ fún ikọ́ àti ọ̀fun. Ìdí tó fi wà níbi ìsọmọlórúkọ wà nínú orúkọ rẹ̀: gbó, kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́. Pierre Verger mọ ọ̀nà ìrònú yìí dáadáa. Kétu ló ti di babaláwo ní 1953, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un ní orúkọ Fátúmbí. Nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde ní 1995, ó kó ìlànà oògùn tó lé ní 400 jọ, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń bá sílébù inú orúkọ ewé mu. Ewé, ọfọ̀ àti Odù tí oògùn náà wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Mi ò sọ pé kí onímọ̀ láàbù máa pe ọfọ̀ lórí eku. Ohun tí mo ń sọ ni pé oògùn Kétu ní ìrísí tirẹ̀. Àgbo ni, tàbí àgúnmu, tàbí àsèjẹ. Ewé méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú omi kan pàtó, ìwọ̀n kan pàtó, àti ẹni tó mọ ara aláìsàn tó ń po ó. Bí ẹni bá lọ bá ìyá eléwé ọmọ ní ọjà Kétu, kò ní fún un ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ wúrà tí a fi acetone yọ. Láti inú orógbó títí dé kolaviron, ohun gbogbo tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ti jáde kúrò nínú rẹ̀ àfi igi tó so ó.

Àwọn kan máa sọ pé bí a ṣe ń sọ ìbílẹ̀ di sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Mo gbà pé a gbọ́dọ̀ yọ èròjà bí a bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ tán gbọ́dọ̀ pe ohun tó ní lọ́wọ́ ní orúkọ rẹ̀. Kolaviron ni. Kò yẹ kí àṣẹ àwọn àgbà tún máa tẹ̀ lé e lọ síbi tí àwọn àgbà kò dé.

5.0 Ìrírí Japan

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tí wọ́n ṣe ní Japan. Egbòogi ìbílẹ̀ wọn ni wọ́n ń pè ní kampo. Ó ti China wá ní àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni juzen-taiho-to, àdàlù ohun ọ̀gbìn 10, tí wọ́n ń fún àwọn tí ara wọn ti rẹ̀ tán. Ní 1990, Ohnishi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí ó ṣe ń ran ìpadàbọ̀sípò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ lára eku kékeré tí wọ́n tan ìtànṣán sí.

Kí òǹkàwé kíyè sí ohun méjì. Àkọ́kọ́, odidi àdàlù náà ni wọ́n dán wò, bí oníṣègùn ṣe ń fún aláìsàn. Ìkejì, àárẹ̀ àti àìlẹ́jẹ̀ ni àdàlù náà wà fún láti ọjọ́ pípẹ́; ìbéèrè wọn nípa ìtànṣán sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ìyẹn ni pé ṣé ẹ̀jẹ̀ á tètè padà sípò. Wọn kò sọ pé àwọn àgbà mọ ìtànṣán. Wọ́n bi oògùn náà ní ìbéèrè tó sún mọ́ iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Eku náà ni wọ́n lò, òótọ́ ni, ìwádìí eku kò sì tó fún ìmọ̀ràn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ìbílẹ̀" ní ìtumọ̀ níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí Japan ní tí àwa kò ní. Láti 1976 ni ìjọba wọn ti fi ọ̀pọ̀ kampo sínú ètò ìbánigbófò ìlera. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà, dókítà ló ń kọ ọ́ fún aláìsàn, ó sì ń wọ ìwé. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan bàjẹ́, wọ́n rí i. Sho-saiko-to jẹ́ kampo tí wọ́n ń lò fún àìsàn ẹ̀dọ̀. Nígbà tí a rí i pé ó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n kọ́kọ́ kà á léèwọ̀ láti lò ó pọ̀ mọ́ interferon, oògùn ilé ìwòsàn. Ní oṣù kẹta 1996, ìjọba tún gbé ìkìlọ̀ pàjáwìrì jáde, nítorí pé ènìyàn 10 ti kú. Oògùn náà kò ní májèlé tí ẹnikẹ́ni bu sí i. Ó jẹ́ ti ìbílẹ̀, ó pẹ́ láyé, ó sì pa ènìyàn nígbà tí a pò ó mọ́ ìtọ́jú tuntun àti nígbà tí a fún ẹni tí kò yẹ.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Kétu tàbí Pobè, tàbí ní Mẹ̀kọ́ ní òdì kejì ààlà, ta ni yóò mọ̀? Àgbo tí aláìsàn ń mu nílé kì í wọ ìwé dókítà. Ìwé oníṣègùn ìbílẹ̀ kò sí. Ikú á jẹ́ ikú jẹjẹrẹ.

6.0 Ewu tó wà fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú

Apá yìí ló fà á tí mo fi kọ àpilẹ̀kọ náà. Ìtànṣán tí dókítà ń lò ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní ọ̀nà kan náà tó fi ń ba sẹ́ẹ̀lì tó dára jẹ́. Omi inú kókó náà ló ń fọ́, àwọn ègé yẹn ló sì ń jà fún wa níbẹ̀. Bí antioxidant bá dáàbò bo ọpọlọ eku, kí ló máa dá a dúró kí ó má dáàbò bo kókó? A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn, bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í fi asà lé ọ̀tá lọ́wọ́ nígbà tí ogun ń lọ.

Ní Quebec, Bairati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdánwò lára ènìyàn 540 tó ní jẹjẹrẹ orí tàbí ọrùn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú onítànṣán. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì E, àwọn kan lára wọn sì kọ́kọ́ gba beta-carotene pẹ̀lú rẹ̀. Àbájáde ti 2005 fi hàn pé egbò àti ìrora tí ìtànṣán ń fà dínkù lọ́dọ̀ àwọn tó gba oògùn náà. Bí a bá dúró síbẹ̀, a óò yọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ síwájú láti máa tọ àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn. Ní 2006, wọ́n ròyìn pé àwọn tó gba oògùn náà ló kú jù. Ṣáájú èyí, ní 1994, àdánwò ńlá kan lára ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá ní Finland ti fi hàn pé beta-carotene kò dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣe ni àìsàn náà pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó.

Fítámì E kọ́ ni kolaviron, mi ò sì sọ pé orógbó pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí tí a ní lára ènìyàn fún irú èròjà yìí, lásìkò ìtọ́jú onítànṣán, tọ́ka sí ìṣọ́ra. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà wà ní gbangba: àwọn eku Ìbàdàn kò ní kókó jẹjẹrẹ tí antioxidant lè dáàbò bò. Nínú irú àdánwò bẹ́ẹ̀, ohun tó dára nìkan ló lè hàn. Ewu kò ní ibi tí ó máa gbà yọjú.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Láti inú gbogbo èyí, mo dábàá nǹkan mẹ́rin fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń ṣe irú ìwádìí yìí, ní Ìbàdàn, ní Abomey-Calavi àti ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn tó wà ní Kétu níbí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ìwádìí bá ohun tí a fún eku mu. Bí ẹ bá kọ "ìbílẹ̀", ẹ dán àgbo tàbí àgúnmu wò bí oníṣègùn ṣe ń pò ó, kí ẹ sì fi í hàn pé òun ló ni ìmọ̀ náà. Ẹ fi eku tó ní kókó jẹjẹrẹ sínú àdánwò, kí a lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí kókó náà. Ẹ sì fi ọ̀wọ́ kan sílẹ̀ tí yóò gba oògùn lẹ́yìn ìtànṣán nìkan, nítorí pé ọ̀wọ́ yẹn ló jọ ẹni tí ìjàǹbá bá lójijì.

Fún àwa tí a ń túmọ̀ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sí Yorùbá fún ará ilé, ojúṣe wa kò le. Bí wọ́n bá bi wá nípa orógbó àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ, kí a sọ pé eku ni wọ́n fi dán an wò, pé èròjà kan lára orógbó ni wọ́n lò, àti pé àwọn eku náà kò ní jẹjẹrẹ. Kí a sì rọ aláìsàn láti sọ gbogbo àgbo, àgúnmu àti orógbó tó ń lò fún dókítà tó ń tan ìtànṣán sí i, láìfi ohunkóhun pamọ́, kí ó tó dé orí ibùsùn ẹ̀rọ. Bí dókítà bá ní kí ó dáwọ́ wọn dúró títí ìtọ́jú yóò fi parí, kí ó dáwọ́ dúró. Kò sí ohun tó kan àwọn àgbà Kétu nínú ìyẹn, nítorí pé wọn kò fi orógbó rán ẹnikẹ́ni sí ìtànṣán rí.